Bí yìnyín òkun bá yọ́, ṣebí omi ló dà: kí ló wá ń pa ẹranko tó ń gbé ibẹ̀?

Ìbéèrè: "Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Ìgbóǹnà, l'Óṣogbo níbí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS2 wo fídíò béárì funfun kan tó rù débi pé egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Wọ́n ní yìnyín orí òkun tó ń yọ́ ló fà á. Ọmọ náà kò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún un pé inú omi ṣáà ni àwọn ẹranko yẹn ń gbé, bí yìnyín bá yọ́, omi ló máa dà, omi wọn á tún pọ̀ sí i ni. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé. Ẹ bá wa dá sí i. Kí ló ń pa wọ́n gan-an? Ṣé òótọ́ sì ni pé yíyọ́ rẹ̀ á mú kí òkun bo ilẹ̀?" (Ìyá Wúrà, Òṣogbo)

Ìyá Wúrà, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín gan-an, torí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó kàwé ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Lójú tiwa, yìnyín kò ju omi tó dì lọ. Lójú àwọn ẹranko tí ọmọ yín ń káàánú, ilẹ̀ ni yìnyín. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sinmi, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọdẹ, abẹ́ rẹ̀ sì ni oko wọn wà. Ilẹ̀ ọ̀hún ní àsìkò tirẹ̀: ó máa ń dì nígbà òtútù, ó máa ń yọ́ nígbà ooru, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wà látayébáyé. Ohun tó yí padà ni iye ọjọ́ tí ilẹ̀ náà fi ń wà nílẹ̀ lọ́dún. Ọjọ́ yẹn ń dín kù, dídínkù ọjọ́ yẹn ló sì ń pa wọ́n.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ béárì, ẹ jẹ́ ká yá fíríísà yín lò. Ẹ bu omi lítà kọ̀ọ̀kan sí abọ́ méjì, kí ẹ da ṣíbí ìjẹun méjì iyọ̀ sínú ọ̀kan. Ìyẹn súnmọ́ bí omi òkun ṣe ń níyọ̀ tó, gíráàmù 35 nínú lítà kan. Ẹ gbé méjèèjì sí fíríísà di ọjọ́ kejì. Èyí tó níyọ̀ á pẹ́ kó tó dì, kò sì ní mọ́ kedere bíi ti kejì rẹ̀; á funfun bí ẹ̀kọ, èékánná á sì lè họ ọ́. Ẹ gbé wọn síta fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí Wúrà kán zobo díẹ̀ sórí méjèèjì. Lórí yìnyín omi lásán, zobo á ṣàn dànù. Lórí ti oníyọ̀, á máa wọlé lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ọ̀nà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Tí omi òkun bá ń dì, yìnyín kì í gba iyọ̀ mọ́ra, ó máa ń tì í jáde ni. Iyọ̀ náà á sá sínú omi kékeré tó ṣẹ́ kù láàárín yìnyín, omi yẹn á wá níyọ̀ débi pé kò ní lè dì mọ́. Bí yìnyín òkun ṣe máa ń kún fún ihò tíńtìntín nìyẹn, bíi búrẹ́dì. Inú ihò yẹn ni gbogbo ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára dúrọ́ọ̀mù omi tí oòrùn ń pa, tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́? Ẹbí rẹ̀ ló ń hù nínú àwọn ihò yẹn àti lábẹ́ yìnyín. Ní ọdún tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Tromsø, ní àríwá Nọ́wè, ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí apá àríwá àwọn erékùṣù Svalbard. Olùkọ́ wa fi irin oníhò gbẹ́ yìnyín, ó fa òpó kan jáde tó gùn tó apá mi. Òkè rẹ̀ funfun báláú. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níwọ̀n ìka méjì, pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tíì tó pẹ́ lórí iná. Mo gbé e sí imú. Ó ń rùn bí ẹja. Mi ò tíì gbàgbé òórùn yẹn títí dòní, torí ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé òkè aláìléwéko tí mo dúró lé lórí, oko ni ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn bá padà lẹ́yìn òkùnkùn ọlọ́pọ̀ oṣù ti ìpẹ̀kun àríwá, oko abẹ́ yìnyín yìí ló kọ́kọ́ ń so, kí èyí tó wà nínú omi gbalasa tó jí. Àwọn kòkòrò omi tí kò ju hóró ìrẹsì lọ á jẹ ẹ́, wọ́n á sì sanra, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ara wọn. Ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní polar cod, ìbátan panla, á jẹ kòkòrò yẹn. Abẹ́ yìnyín ni ọmọ ẹja yìí máa ń fara pa mọ́ sí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ní ohun kan tí kì í jẹ́ kó dì. Síìlì á jẹ polar cod, béárì á jẹ síìlì. Ní ìpẹ̀kun gúúsù, lágbègbè Antarctica, ohun tó dà bí edé tí wọ́n ń pè ní krill ló wà ní àárín: ọmọ rẹ̀ á lo ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ lábẹ́ yìnyín, á máa họ ewéko tíntín yẹn jẹ bí ọmọdé tó ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Síìlì, pẹńgúìnì àti àbùùbùtán, gbogbo wọn ló gbójú lé krill. Bí yìnyín kò bá dì lásìkò, tàbí tó tètè túká, ọmọ krill ò ní rí nǹkan họ.

Ó wá di orí béárì.

Ẹ̀yin náà á ti rí ọdẹ tó ń ṣọ́ òkété lẹ́nu ihò. Kì í lé e kiri inú igbó, torí ó mọ̀ pé òkété á sáré jù òun lọ. Ó mọ ẹnu ihò, ó dúró, ó dákẹ́. Bí béárì funfun ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Síìlì ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Orí rẹ̀ dà bíi ti ajá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi lẹbẹ ẹja, ó sì ní èékánná níwájú. Èékánná yẹn ló fi ń họ ihò sára yìnyín kí ó lè máa yọ imú mí. Béárì á dùbúlẹ̀ tì í, nígbà míì fún wákàtí mélòó kan, kò ní mira. Tí imú bá yọ, ó parí. Béárì mọ omi wẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nínú omi gbalasa, síìlì á fi í sílẹ̀. Nítorí náà, bí kò bá sí yìnyín, kò sí ihò. Bí kò bá sí ihò, ibi gbogbo ni síìlì ti lè yọ imú, béárì ò sì mọ ibi tó máa ṣọ́.

Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Keje ni ọjà béárì. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ síìlì tuntun wà lórí yìnyín, wọ́n sanra, wọn ò tíì gbọ́n. Ọ̀rá tí béárì bá kó jọ lásìkò yẹn ló máa fi la ìyókù ọdún já. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Hudson Bay, ní Kánádà, gbogbo yìnyín ló máa ń yọ́ nígbà ooru, béárì á gòkè wá sórí ilẹ̀, á sì gbààwẹ̀ títí omi á fi tún dì. Abo tó lóyún máa ń gbààwẹ̀ yẹn tó oṣù mẹ́jọ. Ara wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àkókò àìsí yìnyín níbẹ̀ ti fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin gùn ju bó ṣe wà ní àwọn ọdún 1980 lọ. Ẹni tí kò tajà rí lè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó nǹkan. Ẹ̀yin ẹ ròó wò: ká ní wọ́n ti Ìgbóǹnà pa láti ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá títí di ọdún tuntun, lọ́dọọdún, kí lẹ máa fi jẹ tó fi máa di oṣù Kẹta? Ní 1987, béárì agbègbè yẹn tó nǹkan bí 1,200. Ní 2016, wọ́n kà 842. Ní 2021, ó ku 618.

Àwọn kan máa ń sọ pé béárì á kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ nǹkan orí ilẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024 dán ọ̀rọ̀ yẹn wò. Wọ́n so kámẹ́rà mọ́ ọrùn béárì 20 ní agbègbè yìí kan náà nígbà ooru. Àwọn kan jẹ èso igbó, àwọn kan jẹ koríko, àwọn kan jẹ òkú ẹyẹ, òmíràn wẹ̀ lọ jìnnà láti wá òkú ẹranko inú omi. Nínú ogún, 19 ló fọn, ọ̀pọ̀ wọn sì ń pàdánù nǹkan bíi kílò kan lójúmọ́. Wàhálà tí wọ́n ṣe láti rí oúnjẹ ń jẹ agbára tó pọ̀ tó oúnjẹ ọ̀hún. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ebi yìí ni ti àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ìyá tó bá rù, ọmú rẹ̀ á gbẹ. Àwọn ọmọ ló ń kọ́kọ́ lọ.

Síìlì fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú rẹ̀ o. Oríṣi kan wà tó ń gbẹ́ yàrá kékeré sínú òjò dídì tó kó jọ sórí yìnyín òkun, ibẹ̀ ló ń bímọ sí kí òtútù àti béárì má bàa rí ọmọ náà. Bí òjò bá rọ̀ níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ lásìkò yẹn, òrùlé yàrá náà á wó. Oríṣi mìíràn tí wọ́n ń pè ní harp seal ń fún ọmọ lọ́mú fún ọjọ́ 12 péré, ìyá á lọ, ọmọ á sì jókòó sórí yìnyín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i kó tó mọ omi wẹ̀ dáadáa. Bí yìnyín bá túká kí ọjọ́ wọ̀nyẹn tó pé, inú omi ló ń bọ́ sí. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ la tún padà dé?

Ní gúúsù, ẹyẹ kan wà tó fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí hàn ju gbogbo wọn lọ. Pẹńgúìnì ńlá tí wọ́n ń pè ní emperor kì í kọ́ ìtẹ́. Orí yìnyín òkun tó so mọ́ etí ilẹ̀ ló ń yé sí, ẹyin kan ṣoṣo, nígbà tí òtútù ń bọ̀ wá le jù, ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí ìkẹfà. Ìyá á gbé ẹyin náà lé bàbá lẹ́sẹ̀, á sì lọ wá oúnjẹ lójú òkun. Bàbá á fi awọ ikùn rẹ̀ bo ẹyin, á sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òkùnkùn àti ìjì, kò ní jẹ nǹkan kan. Àwọn bàbá á fún ara wọn pọ̀, wọ́n á máa pààrọ̀ ipò, kí ẹni tó wà létí lè wọ àárín. Kí ìyá tó padà dé, bàbá ti lè pàdánù ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọmọ tó pa á ní ìyẹ́ rírọ̀ kan lára tí kì í ta omi dànù. Títí oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, nígbà tí ìyẹ́ àgbà máa yọ, omi ni ikú rẹ̀.

Ní 2022, yìnyín túká ṣáájú ìgbà yẹn ní Òkun Bellingshausen. Ìlú pẹńgúìnì márùn-ún ni wọ́n mọ̀ ní apá ibẹ̀. Ní mẹ́rin nínú wọn, ó jọ pé kò sí ọmọ kankan tó yè lọ́dún yẹn. Kò sí ẹnì kankan tó wà níbẹ̀ tó rí i. Sátẹ́láìtì ló rí i, ọ̀nà tó sì gbà rí i nìyí: ìgbẹ́ àwọn ẹyẹ náà máa ń fi àbàwọ́n pupa rúsúrúsú sórí yìnyín, àbàwọ́n yẹn ni wọ́n ń wò láti òkè ọ̀run. Àbàwọ́n wà. Lẹ́yìn náà, omi dúdú ló wà níbi tí àbàwọ́n wà. Nígbà tí mo rí àwòrán méjèèjì, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ 65 àwọn bàbá yẹn.

Kí n má pọ̀n ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ: àwọn àgbà lè ṣí lọ wá yìnyín mìíràn, àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọdún burúkú kan kò sì lè pa ìran wọn run. Ọdún burúkú tó ń tẹ̀ léra ni ìbẹ̀rù.

Ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní walrus, ó sanra bí mààlúù, ó ní eyín gígùn méjì bíi ti erin. Ìsàlẹ̀ òkun ló ti ń jẹ ìgbín omi, á wá gòkè sinmi lórí yìnyín pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Láti 2007, yìnyín Òkun Chukchi máa ń sún lọ sí ibi tí omi ti jìn jù nígbà ooru, àwọn walrus á wá kó ara wọn dà sí etíkun. Ní 2014, nǹkan bí 35,000 ló kóra jọ nítòsí Point Lay, ní Alaska. Bí ọkọ̀ òfúrufú bá kọjá báyìí, jìnnìjìnnì á bò wọ́n, wọ́n á rọ́ lọ sínú omi, wọ́n á sì tẹ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pa. Àwọn àbùùbùtán ìhà àríwá, bíi bowhead àti narwhal, kò ní lẹbẹ tó dúró lórí ẹ̀yìn, èyí ló jẹ́ kí wọ́n lè rìn lábẹ́ yìnyín. Orca, ẹranko òkun ńlá tó ń dọdẹ wọn, ní lẹbẹ gàgàrà lórí ẹ̀yìn, yìnyín kì í jẹ́ kó wọlé. Ilẹ̀kùn yẹn ti ń ṣí.

Àwọn kan ń rí jẹ nínú ìyípadà yìí, orca wà lára wọn. Ẹja kan tí ẹ mọ̀ dáadáa lọ́jà náà wà lára wọn, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́. Panla gbígbẹ tó ń ti Nọ́wè wá, èyí líle tí a ń rẹ sómi kó tó rọ̀, Òkun Barents ló ti dàgbà. Láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí erékùṣù Lofoten láti wá yé ẹyin, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, wọ́n á so ó kọ́ orí igi kí afẹ́fẹ́ tútù fà á gbẹ. Òkun Barents wà lára ibi tí yìnyín ti ń pòórá jù. Bí omi ibẹ̀ ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, panla ń ṣí lọ síhà àríwá, ó sì ń jẹ polar cod, ìbátan rẹ̀ kékeré, ní ilé ìbátan náà. Polar cod ni síìlì ń jẹ. Ẹ ti mọ ibi tó já sí.

Ní ti bí ó ṣe pọ̀ tó: 1979 ni sátẹ́láìtì ti ń wọn yìnyín yìí lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì méjì. Lóṣù Kẹsàn-án, ìgbà tí ti àríwá máa ń kéré jù, ó máa ń ku nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.2 kìlómítà níbùú lóròó, tí a bá pín ti 1981 sí 2010 dọ́gba. Ní 2012, ó ku mílíọ̀nù 3.4. Ohun tó dín kù yẹn tó orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lọ́nà mẹ́ta. Ti gúúsù rí lọ́tọ̀: ó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí di 2014, àwọn kan tilẹ̀ fi ń jiyàn pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Láti 2016 ló ti já wálẹ̀, òtútù 2023 ló sì kéré jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti wọ̀n.

Ẹ béèrè bóyá òkun á bo ilẹ̀. Ti yìnyín orí òkun, rárá. Ẹ fi yìnyín sínú kọ́ọ̀bù omi, ẹ sàmì síbi tí omi dé. Nígbà tó bá yọ́ tán, ojú àmì náà ni omi á wà. Yìnyín tó wà lórí ilẹ̀, bíi ti Greenland àti ti Antarctica fúnra rẹ̀, ìyẹn ló ń wá kún òkun, òun ni kí àwọn ará Èkó máa fọkàn sí. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni pé yìnyín orí òkun funfun, ó ń ta oòrùn padà. Omi abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń gba oòrùn mọ́ra bí aṣọ dúdú lọ́sàn-án. Bí yìnyín bá ti kúrò, omi á gbóná, gbígbóná rẹ̀ á tún lé yìnyín mìíràn lọ.

Èéfín epo, èédú àti gáàsì tí ayé ń sun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ yìnyín òkun méjì, Dirk Notz àti Julienne Stroeve, fi hàn pé tọ́ọ̀nù kan CO2 (carbon dioxide), ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń ti inú èéfín yẹn jáde, ń mú nǹkan bíi mítà mẹ́ta níbùú lóròó lọ nínú yìnyín oṣù Kẹsàn-án ti àríwá. Àyè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀dì onífíìtì mẹ́fà sí mẹ́fà. Jẹnẹrétọ̀ tó bá ń jó lítà márùn-ún lójúmọ́ á pé tọ́ọ̀nù kan láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Mi ò fi èyí di ẹrù lé yín lórí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí ẹ kò tan jẹnẹrétọ̀, ẹja á rà. Tí a bá pín ti Nàìjíríà dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kò tó tọ́ọ̀nù kan lọ́dún. Ará Amẹ́ríkà kan ju 13 lọ. Mo sọ ọ́ kí Wúrà lè mọ̀ pé yìnyín yẹn ṣeé wọ̀n, ó sì ṣeé dá dúró: tọ́ọ̀nù tí a kò bá sun, àyè bẹ́ẹ̀dì kan ló kù fún ẹnì kan níbẹ̀.

Ó ku béárì inú fídíò. Ẹ sọ fún un pé kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ ohun tó ń ṣe béárì kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ ogbó, ó lè jẹ́ eyín tó kán, ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì lè jẹ́ ebi yìnyín lóòótọ́. Iye tó ń dín kù ní Hudson Bay ni ẹ̀rí, béárì kan kọ́. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé òun ló jàre nínú àríyànjiyàn yín, kó sì jẹun. Tó bá ti gbé abọ́ méjì yẹn jáde nínú fíríísà, kó kọ ohun tí zobo ṣe ránṣẹ́ sí mi.